Ta Ni Yóò Wẹ Màmá?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń sá láìsáré, kó lọ bi Mọ́nsúrátù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ó ti yí gbogbo ilé ìyá náà ká ní Ajah. Ó jókòó sí kọ́rídọ̀, ó dìde. Ó lọ dúró lẹ́yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kò pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde sí ẹnu géètì, ó ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń kọjá bí ẹni pé ó ń retí ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ kò retí ẹnikẹ́ni. Ibì kan ṣoṣo ni kò dé nínú ilé náà, ìyẹn yàrá tí wọ́n tẹ́ Màmá sí.

Ẹ̀rù òkú ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré tí gbogbo wa jọ ń bá yí o. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ń darí ọ́fíìsì ní Oniru, tí àwọn ọkùnrin onítáì ń dìde fún bó bá wọlé, bó bá ti rí òkú tí wọ́n gbé síwájú mọ́ṣáláṣí, òógùn á bò ó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kú ní Ikate, wọ́n ní kó gbé kẹ́tùlù omi lọ fún àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́, òun náà sì ṣèèṣì gbójú sókè. Ó rí òwú nínú imú ẹni tó máa ń fún un ní gúgúrú lójoojúmọ́. Ó ju kẹ́tùlù sílẹ̀, kò dúró títí ó fi dé etí òkun. Látìgbà náà, kò tún dúró ti òkú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ó fi owó ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kú, ó ní ibà ló mú òun. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́, torí pé ara rẹ̀ gbóná lóòótọ́ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ti Màmá yàtọ̀, nítorí Màmá ti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ ikú, wọ́n kàn ní, "Mọ́nsúrá, bí ọjọ́ bá dé, ọwọ́ rẹ ni kó wẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé Ìyá Afusat àtàwọn èèyàn rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, àmọ́ ojú ń tì mí. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́."

"Ìn ṣáà Alláhù, Màmá."

Ẹ̀yin náà mọ irú ìn ṣáà Alláhù yẹn. Òun la fi ń dá ẹni tó pè wá síbi tí a ò ní lọ lóhùn. Màmá náà mọ̀ ọ́n, ṣebí àwọn ló bí i.

"Má fi Ọlọ́run sá fún mi o! Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ló ń lé e kiri láàárọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà ni Màmá dákẹ́. Mikail, àbúrò Mọ́nsúrátù tó ń gbé pẹ̀lú Màmá, ti bá àwọn Alfa sọ̀rọ̀: wọ́n á sin wọ́n lónìí, lẹ́yìn ìrun Àílà. Oòrùn sì ti ń gòkè. Ìyá Afusat ló ṣáájú àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà, ọ̀rẹ́ Màmá ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n wọlé wá pẹ̀lú obìnrin méjì, wọ́n ti ká apá aṣọ wọn sókè.

"Mọ́nsúrá, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ìyá ẹ. Òṣìṣẹ́ rere ni. Ó ní ìwọ ló máa wẹ òun. Ó yá, bọ́ wúrà ọwọ́ ẹ, ká wọlé."

Mọ́nsúrátù kò bọ́ wúrà. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá, ó wo ojú Ìyá Afusat, ẹnu rẹ̀ sì gbà á sílẹ̀.

"Aṣọ ńkọ́, mà? Ta ló ti ra aṣọ?"

"Mikail fẹ́ rán èèyàn."

"Rán ta ni? Aṣọ Màmá mi? Èmi ni màá rà á!"

Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ló dé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wá bá wọn kẹ́dùn ń mi orí, wọ́n ní ọmọ gidi nìyí, ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra aṣọ tí wọ́n máa fi sin ìyá rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ó ti ṣírò rẹ̀. Kó tó dé, àwọn Ìyá Afusat á ti wẹ Màmá tán. Á sunkún, á ní gósìlóò ló dá òun dúró, gbogbo ayé á sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Nínú ọjà Ajah, ó kọjá níwájú àwọn tó ń ta aṣọ funfun, ó ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ó lọ ń wo bàtà tí kò ní rà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìdírísù, ẹni tí gbogbo Mùsùlùmí agbègbè náà mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni aṣọ wà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Aṣọ funfun ni mo fẹ́."

"Ti hájì ni àbí..." Bàbá Ìdírísù wo ojú rẹ̀, wọn ò sì parí ọ̀rọ̀ náà. "Áà. Ọlọ́run á rọ̀ yín lọ́kàn. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni. Ìyá mi ni."

"Aṣọ márùn-ún nìyẹn, tòun tìborùn. Ṣé wọ́n ga?"

Ó fẹ́ ní òun ò mọ̀, àmọ́ irọ́ náà kò jáde. "Ìdúró kan náà la ní, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ nà ró dáadáa."

Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá náà ti fa aṣọ láti òkè orí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún fi díẹ̀ lé e lókè àti nísàlẹ̀ fún ibi tí wọ́n máa so. Etí aṣọ náà kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù. Mọ́nsúrátù fẹ́ yẹra fún un.

"Ẹ má mì, ọmọ mi," bàbá náà ní, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ wọn. "Bí ẹ bá ń mì báyìí, màá gé e kúrú."

Wọ́n gé e tán, ó kù kó sanwó. Ọgbọ́n kan ló kù lápò Mọ́nsúrátù, ìyẹn ni kó ná ọjà. Ẹni tó bá mọ ọjà ná lè fi ìdajì ọjọ́ ṣòfò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Bàbá, ó ti wọ́n jù. Ẹ mú un wálẹ̀ fún mi."

Bàbá Ìdírísù gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ẹ ní ìyá yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ sì ń ná an?"

Ojú tì í, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọ ọ́. Ó sanwó. Wọ́n fi káfúrà olóòórùn àti òwú tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú sínú náílọ́ọ̀nù kan náà, wọ́n sì nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ tètè máa lọ o. Ẹni tó ti ṣetán ìrìn àjò, kò yẹ ká dá a dúró."

Inú búùtù ló jù ú sí, ó pa búùtù dé gbàgà bí ẹni tó ti olè mọ́lé. Ó wọ mọ́tò, ó wa mọ́tò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé Màmá. Ó ní òun fẹ́ ra epo. Epo kún táǹkì. Ó lọ títí, ó yípo, ó padà, ó tún kọjá ọ̀nà ilé náà lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ń wo iwájú gbọnran. Ó páàkì sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ níbi tí àwọn ọlọ́kadà díspáàṣì tó ń gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri máa ń jókòó sí. Ó tan éèsì kí ara rẹ̀ lè tutù, òógùn ṣì ń dà. Òórùn káfúrà ti inú búùtù wá bá a níwájú. Ó ṣí gíláàsì, ó tún pa á dé.

Fóònù dún. Mikail ni.

"Àǹtí mi, ibo lẹ dé?"

"Gósìlóò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yára. Àwọn Ìyá Afusat ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

"Wọn ò tíì da omi kankan. Wọ́n ní àwọn kì í wẹ òkú nígbà tí aṣọ rẹ̀ ò tíì sí nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bá wẹ̀ tán, a kì í fi í sílẹ̀ kó máa retí aṣọ bí ẹni tí wọ́n jí ẹ̀wù ẹ̀ gbé létí odò. Gbogbo wa là ń dúró dè yín. Màmá náà ń dúró dè yín."

Yéè! Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe ń yí padà mú ọlọ́gbọ́n. Aṣọ tó fi kẹ́wọ́ sá jáde gan-an ni wọn ò lè ṣe iṣẹ́ láìsí i. Bó bá sá dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìsìnkú Màmá máa dúró sí. Mọ́nsúrátù gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó bú sẹ́kún. Àánú Màmá ń ṣe é, inú ara rẹ̀ ń bí i, ẹ̀rù náà kò sì dín.

Ó gbàdúrà. "Yá Alláhù, ẹ̀rù yìí, mú un kúrò lára mi, kí n lè lọ." Ó dákẹ́, ó ń retí kí ó kúrò. Ó retí, retí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n mú iná dé. Àyà rẹ̀ ṣì ń lù kì kì kì. Ó tún àdúrà náà gbà, ó fi orúkọ Ọlọ́run mìíràn pè é, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀ràn náà wá sú u. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára àwọn ọlọ́kadà yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ Adámọ̀ lè ṣe! Aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi ránṣẹ́ bí ẹni fi ìrẹsì ránṣẹ́.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ẹni tó ti tó baba ọmọ mẹ́ta, ló dáhùn nígbà tó bọ́ sílẹ̀ tó sì pè wọ́n. Habeeb lorúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹrù yín, mà?"

"Aṣọ ni. Ibí yìí náà ni, kò jìnnà."

Ó ṣí búùtù fún un. Habeeb na ọwọ́, òórùn káfúrà kọlu imú rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Aùsù bílláhì! Àǹtí, aṣọ òkú nìyí!"

"Mo ṣáà ní aṣọ ni."

"Mi ò gbé e o. Oúnjẹ ni mo ń gbé nínú àpótí yìí. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ máṣíìnì mi!"

"Kí ló kan fífọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Ẹ má bínú."

Inú bí Mọ́nsúrátù. Bóyá gbogbo ìbínú àárọ̀ yẹn ló kó jọ, ọkùnrin aláìṣẹ̀ yìí ló dà á lé lórí.

"Ẹ̀yin Habeeb, ṣé Mùsùlùmí ni yín? Ẹ ń bẹ̀rù aṣọ! Kí ni òkú lè fi èèyàn ṣe? Ọlọ́run tó ni wá láàyè, ṣé ẹlòmíì ló ni wá bí a bá kú ni? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń lọ, kò sí ibì kan láàárín méjèèjì tí kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé ara yín lé e lọ́wọ́, ẹ ní Bísímílà, kẹ́ ẹ máa lọ. Ibi tí Ọlọ́run bá wà, kí lẹ wá ń bẹ̀rù níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé ká ní orí mímbárì mọ́ṣáláṣí ló ti sọ ọ́, àwọn èèyàn ì bá kígbe Alláhù Akbárù. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn wọn tiẹ̀ ní "Àmín," bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdúrà.

Habeeb fọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ta ló kú?"

"Ìyá mi."

Ó wo mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wo ojú obìnrin tó ti wú fún ẹkún. "Ẹ̀rù ń bà yín bó ṣe ń bà mí, àbí?"

Mọ́nsúrátù lanu láti ní rárá.

"Ó ń bà mí," ló jáde. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. "Ó ń bà mí gan-an. Èmi ni wọ́n ní kí n wẹ̀ wọ́n. Mi ò lè wọlé."

Habeeb wo inú búùtù tó ṣí sílẹ̀. Ó ní, "Kò yẹ kó wà lẹ́yìn níbi táyà. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e síwájú." Ó mú etí náílọ́ọ̀nù kan. Mọ́nsúrátù mú etí kejì. "Bísímílà," ni wọ́n jọ wí. Wọ́n gbé e, wọ́n sì gbé e sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò sí ohun tó ṣe Habeeb. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹnu yà á, kò sì gba owó tí Mọ́nsúrátù nà sí i.

"Ẹ máa lọ, mà. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi yẹn, ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Ó sì sọ ọ́ lọ lóòótọ́. Láti ibẹ̀ dé ilé, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ohun tó yé e nínú mọ́tò náà ni pé àtàárọ̀ lòun ti ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà bó ṣe bá Bàbá Ìdírísù ṣe: mú ẹ̀rù kúrò ná, kí n tó lọ. Ta ló ń ná Ọlọ́run? Ó yí àdúrà náà padà. "Yá Alláhù, bí o bá fẹ́, fi ẹ̀rù náà sílẹ̀. Ṣáà bá mi wọlé. Mi ò lè dá wọlé."

Ìyá Afusat jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò pariwo mọ́ ọn.

"O pẹ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà. Mo sá ni."

"Mo mọ̀. Ìyá ẹ ti sọ fún mi."

"Wọ́n sọ fún yín?"

"Ó ní, 'Mọ́nsúrá á sá. Àmọ́ á padà wá. Ẹ bá mi dúró dè é.'" Ìyá Afusat gba náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dìde. "Bọ́ wúrà ọwọ́ ẹ."

Ó bọ́ wúrà. Ó ní Bísímílà, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Màmá wà lórí pákó, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Afusat fúnra wọn ló kọ́kọ́ fọ ibi tó yẹ kí wọ́n fọ̀ lábẹ́ aṣọ, láìṣí àṣírí sílẹ̀. Mọ́nsúrátù kọjú sí ògiri, ó ń ka ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, ó ṣi í kà, ó tún un kà.

"Ó yá," Ìyá Afusat ní. "Alúwàlá ló kàn. Ìwọ ni."

Alúwàlá kẹ̀? Mọ́nsúrátù yí padà. Ṣé alúwàlá nìkan ni? Láti ìgbà tí apá òsì Màmá ti rọ, ta ló ń ṣe alúwàlá fún wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ bí kì í ṣe òun? Ó jókòó ti pákó náà. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún Màmá jáde lábẹ́ aṣọ, ó da omi sí i, ó fi ìka wọ àárín àwọn ìka wọn. Ó fi aṣọ tútù nu ẹnu àti imú wọn. Lẹ́yìn náà ló wo ojú wọn. Ẹnu wọn là díẹ̀, bó ṣe máa ń là bí wọ́n bá sùn lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ojú Màmá ni. Gbogbo ọjọ́ ló ti fi sá fún òkú, Màmá nìkan ló sì bá nínú yàrá náà.

Ó dé ọwọ́ òsì. Ó ká kò bó ṣe máa ń rí láti ọjọ́ àìsàn náà, àtàǹpàkò wọ inú. Ó tú u díẹ̀díẹ̀ láìfi agbára fà á, bó ṣe máa ń ṣe kó má baà dùn wọ́n. Ó tún bu omi, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Ìyá Afusat, omi yìí tutù jù."

Àwọn obìnrin méjì yòókù wo ara wọn.

"Màmá kì í fẹ́ omi tútù," Mọ́nsúrátù ní, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. "Wọ́n á ní mo fẹ́ pa àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gbé díẹ̀ kaná."

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Afusat fi ojú dá a dúró. "Lọ gbé omi kaná."

Omi náà dé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bí ìyá ọmọ ṣe ń wò ó. Ó fọ orí Màmá, ó fọ ẹ̀yìn etí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láti èjìká lọ sísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé omi náà lórí aṣọ. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún wọn pé aṣọ wọn dára, pé òun ò jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú.

Mikail kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Afusat, ẹ jọ̀ọ́, àwọn Alfa ti pé sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ṣé kò tíì yá ni? Àǹtí mi ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé?"

Ìyá Afusat wo Mọ́nsúrátù. "Dá a lóhùn."

Mọ́nsúrátù kò gbójú sókè. Ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mìíràn, ó sì rọra dà á sí ìyá rẹ̀ léjìká.

"Mikail, ní kí wọ́n ṣe sùúrù," ló wí. "Màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́."